Ajá Kò Bá Wa Dá Májẹ̀mú



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí i pé ajá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ojú ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn bínú sí ẹ̀dá kan nítorí pé kò mú ìlérí ṣẹ, nígbà tí ẹ̀dá náà kò ṣe ìlérí kankan rí?

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa nìyí. Bàbá ilé gbọ́ pé olè ń jà ní àdúgbò, ó sì lọ ra ọmọ ajá. Ní ọjọ́ tí ó gbé e wọlé, inú gbogbo ará ilé dùn. Àwọn ọmọ ń du ẹni tí yóò gbé e, ìyá ilé wá abọ́ fún un, bàbá ilé sì fún un ní orúkọ. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ajá kan náà ti wà lórí ṣéènì ní ẹ̀yìnkùlé, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀ àfi ẹni tí ó bá fẹ́ bá a wí. Wọ́n ní ó jẹ bàtà, ó hú òdòdó, ó gbó mọ́ àlejò pàtàkì, ó sì sùn ní òru tí olè wọlé. Wọ́n ní ajá burúkú ni. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n ti lé e sí ìgboro kí ó máa wá oúnjẹ rẹ̀ lórí ààtàn.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ kí a dá ẹjọ́ náà bí àgbà ti ń dá ẹjọ́. Àgbà a máa kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ẹ jọ sọ kí ẹ tó jọ dòwò pọ̀? Bí a bá bi bàbá ilé ní ìbéèrè yìí, yóò rí i pé òun nìkan ni ó sọ̀rọ̀. Òun ni ó sọ fún ara rẹ̀ pé ajá yóò ṣọ́ ilé, pé yóò mọ olè yàtọ̀ sí àlejò, pé yóò fẹ́ràn àwọn ọmọ, pé àjẹkù ni yóò máa jẹ, pé yóò sì dákẹ́ nígbà tí ará ilé bá ń sùn. Ajá kò sí níbi tí a ti ṣe àdéhùn náà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Ẹnu ọmú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ já a gbà.

Níbo ni a ti rí irú ìrètí bẹ́ẹ̀? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti inú ìtàn wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa Hachiko, ajá ilẹ̀ Japan. Olówó rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hidesaburo Ueno, kú lójijì ní oṣù karùn-ún ọdún 1925, ajá náà sì ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya ní ìlú Tokyo láti dúró dè é, títí òun pàápàá fi kú ní oṣù kẹta ọdún 1935. Wọ́n ti ṣe ère idẹ rẹ̀ sí ibùdókọ̀ náà ní 1934, nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ìtàn dáradára ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ènìyàn kì í ṣe ère fún ohun tí ó wọ́pọ̀. Bí gbogbo ajá bá ń ṣe bí Hachiko, ta ni ìbá dúró láti wo ère rẹ̀? Ẹ sì rántí pé kí ìwé ìròyìn tó gbé òkìkí rẹ̀ jáde ní 1932, àwọn kan ní ibùdókọ̀ náà a máa lé e bí ajá ìgboro lásán.

Sinimá náà ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tí sinimá kan nípa àwọn ajá Dalmatian mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún jáde ní Amẹ́ríkà ní 1996, ọ̀pọ̀ ìdílé sáré ra irú ajá náà fún àwọn ọmọ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ilé tí ń gba ajá tí a kọ̀ sílẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ké pé Dalmatian pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn. A ti lo irú ajá yìí rí láti máa sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Agbára rẹ̀ pọ̀, kì í sì í lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú iyàrá. Ajá inú sinimá kò jẹ bàtà ẹnikẹ́ni nítorí pé àwọn tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ wà nítòsí ẹ̀rọ ayàwòrán. Ajá tí ó wà nílé rẹ kò ní olùkọ́ kankan bí kò ṣe ìwọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àwọn ìrètí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni pé ajá yóò ṣọ́ ilé. Òótọ́ ni pé ajá ń gbọ́ ohun tí etí wa kò lè gbọ́, imú rẹ̀ sì ń mọ ohun tí imú wa kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ajá kò mọ ohun tí à ń pè ní olè. Ohun tí ó mọ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí rí àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí nípa ìdàgbàsókè ajá sọ fún wa pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ajá ń kọ́ irú ayé tí ó wọ̀: ohùn ènìyàn, ìró ọkọ̀, eré ọmọdé, ìrìn àlejò. Èyí tí a so mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ní àkókò náà kì yóò di akíkanjú. Ojo ni yóò dà, ojo tí ó ní eyín. Yóò bu ọmọ aládùúgbò jẹ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú ọgbà, yóò sì máa ju ìrù sí olè tí ó bá ju ẹran sí i.

Bàbá ilé lè wí pé, “Ṣùgbọ́n ajá Jámánì gan-an ni mo rà.” Ó dára. Max von Stephanitz, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun Jámánì, ni ó dá ìran ajá náà sílẹ̀ ní 1899, iṣẹ́ tí ó sì kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀ fún un ni dída àgùntàn. Ajá tí a dá láti máa rìn pẹ̀lú agbo ẹran láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni a wá so mọ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ, tí a sì ń yà á lẹ́nu pé ó ń gbó láìdákẹ́. Àwọn ọlọ́pàá tí ń lo irú ajá yìí kì í kàn rà á kí wọ́n so ó. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ajá àti ẹni tí ń dà á fi ń kọ́ṣẹ́ pọ̀.

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ èyí jù wá lọ. Wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Ẹ kíyè sí òwe náà. Kò wí pé ajá ńlá ni í pa ọ̀bọ, kò sì wí pé ajá tí a fi owó gọbọi rà. Ajá tí ó ní ẹni lẹ́yìn ni. Ọdẹ kì í rán ajá lọ sí igbó kí òun jókòó sílé. Wọ́n jọ ń rìn ni, wọ́n jọ ń sinmi ni, ajá sì mọ ìtumọ̀ fèrè olówó rẹ̀ nítorí pé ó ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa ń fẹ́ ọ̀bọ, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ dúró lẹ́yìn ajá.

Èkejì ni pé ajá kì í náni lówó. Ajá a máa gbé ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí lè ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama kí ajá tí a rà fún un tó kú. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ni yóò jẹ, tí yóò mu omi, tí ẹnìkan yóò gbá ìgbẹ́ rẹ̀. Aràn yóò wà láti lé jáde, eégbọn yóò wà láti já kúrò lára rẹ̀. Àjẹkù pàápàá kò rọrùn tó bí a ti rò: egungun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóńṣóṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun ajá, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wa a máa ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi wà. A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur gún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris, ni a ti mọ̀ pé àrùn yìí ṣeé dènà. Síbẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, tí ó pọ̀ jù lọ ní Éṣíà àti ní Áfíríkà níhìn-ín. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn, ajá ni ó sì ń kó o ran fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń yè é. Nítorí náà, bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe fi epo tàbí ata tàbí irun ajá sí i. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ní owó láti ra ajá ṣùgbọ́n òun kò ní owó abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò ní owó láti ra ajá. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó fẹ́ fi san ìyókù.

Ẹ̀kẹta ni pé ajá mọ rere yàtọ̀ sí búburú bí ènìyàn. Ẹ ti gbọ́ ọ kí ẹnìkan wí pé, “Ó mọ ohun tí ó ṣe, ẹ wo bí ó ti sorí kọ́.” Ní 2009, obìnrin onímọ̀ kan ní New York, Alexandra Horowitz, dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ó ní kí àwọn olówó ajá kọ̀ fún ajá wọn láti jẹ oúnjẹ kan, kí wọ́n sì jáde. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó sọ fún àwọn kan pé ajá wọn jẹ ẹ́, kódà nígbà tí ajá náà kò fẹnu kàn án. Ohun tí ó rí ni pé ìsoríkọ́ ajá kò bá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìbáwí olówó rẹ̀ ni ó bá lọ. Ajá tí kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí a bá wí, sorí kọ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀rù ni a rí, a sì pè é ní ìtìjú. Mélòó ni a ti nà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, tí a sì fi ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣe ẹ̀rí tí a fi dá a lẹ́bi!

Ẹ̀kẹrin ni pé ajá yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtọ́jú nǹkan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí àgbà bá wà níbẹ̀ tí ó ń tọ́jú ajá lójú wọn. Ọmọdé kì í kọ́ ohun tí a pa láṣẹ fún un tó bí ó ti ń kọ́ ohun tí ó rí. Bí ó bá rí i pé bàbá òun ra ajá pẹ̀lú ayọ̀, tí ó sì lé e jáde nígbà tí ó sú u, ẹ̀kọ́ kan ti wọ ọmọ náà lára: pé ohun tí ó bá ń yọ wá lẹ́nu, kí a jù ú nù. Ọjọ́ ń bọ̀ tí bàbá náà yóò di arúgbó, tí òun pàápàá yóò máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ẹ̀karùn-ún ni pé ajá yóò gbé wa ga lójú ẹgbẹ́ wa. Nítorí èyí ni a fi ń ra ajá onírun púpọ̀ láti àwọn òkè Caucasus, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tí a sì ń so ó sí abẹ́ páànù nínú oòrùn Ìbàdàn. Ajá kì í làágùn bí tiwa. Nípa mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n síta ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, ooru sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹlòmíràn kò rà á fún ẹ̀ṣọ́. Ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pa òwe fún aládùúgbò ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ yìí tipẹ́. Bí ó bá ti pe ajá, aládùúgbò yóò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ajá aláìmọ̀kan ń ju ìrù bọ̀ wá, kò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n fi òun jà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé: “Fadá, ènìyàn ń bẹ tí ebi ń pa, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ ajá.” Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì, tí a tẹ̀ jáde ní 1992, gbà á rò. Ó kọ́ wa pé ó lòdì sí iyì ènìyàn láti fi ìyà jẹ ẹranko láìnídìí. Ó sì kọ́ wa, ní ibì kan náà, pé kò yẹ kí a ná owó lé ẹranko lórí, èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ran ènìyàn tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí èyí darí wa sí. Kò sọ pé kí o ní ajá, kí o sì jẹ́ kí ebi pa á nítorí àwọn tálákà. Bí owó rẹ kò bá ká a, má ṣe ra ajá. Ẹni tí ebi ajá rẹ̀ ń pa kò fún tálákà ní nǹkan kan. Ó kàn sọ ẹni tí ebi ń pa di méjì ní àdúgbò náà ni. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá, ní ẹ̀ka 495 rẹ̀, ka ìwà ìkà sí ẹranko kún ẹ̀ṣẹ̀.

Ǹjẹ́ ajá kò wá wúlò rárá ni? Ó wúlò gidigidi, bí a bá gbà á gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Ní 1914, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta ní Oberkassel, nítòsí ìlú Bonn ní Jámánì, rí ibojì ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí 14,000 ọdún. Egungun ọmọ ajá kan tí ó tó nǹkan bí oṣù méje wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún eyín ajá náà yẹ̀ wò, wọ́n kọ ọ́ ní 2018 pé ó ti ṣàìsàn púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì jọ pé àrùn distemper ni. Bí ènìyàn kò bá ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí a fún un ní omi àti oúnjẹ, tí a sì mú kí ara rẹ̀ móoru, kì bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ajá náà kò lè ṣọ́ nǹkan, kò lè ṣọdẹ. Kò sí ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àkókò náà. Síbẹ̀ wọ́n tọ́jú rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí a ó pè ní ara ìgbàanì wọ̀nyẹn ti mọ ohun tí a ń gbàgbé.

Ẹ tún rántí ajá inú Ìwé Tóbítì. Ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti áńgẹ́lì jáde, ó sì bá wọn padà wálé. Ìwé náà kò sọ pé ó lé olè, kò sọ pé ó gba ẹnikẹ́ni là. Ó bá wọn lọ, ó bá wọn bọ̀. Ohun tí ajá lè fún wa nìyẹn, kò sì kéré: ó lè bá wa rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó kò lè ní alábàárìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí ẹ tó gbé ọmọ ajá wọlé, ẹ jókòó kí ẹ bi ara yín pé: Ta ni yóò fún un ní oúnjẹ ní ọjọ́ tí gbogbo wa bá lọ sí òde ìnáwó? Ta ni yóò rìn pẹ̀lú rẹ̀ ní òwúrọ̀? Owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọdún kẹjọ, láti inú àpò wo ni yóò ti jáde? Bí kò bá lé olè kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ǹjẹ́ a ó ṣì fún un ní oúnjẹ? Bí ìdáhùn sí èyí tí ó kẹ́yìn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ ra kọ́kọ́rọ́ tí ó lágbára sí ẹnu ọ̀nà yín. Kọ́kọ́rọ́ kì í jẹun, kì í sì í dùn ún bí a bá pa á tì. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn má ní ajá. Olóòótọ́ ni ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní in, tí ó ti sú yín, ẹ má ṣe lé e sí ìgboro. Ẹ tú u lórí ṣéènì fún ìgbà díẹ̀ lóòjọ́, kí ẹ sì bá a rìn fún oṣù kan kí ẹ tó sọ pé ajá burúkú ni. Bí kò bá ṣeé ṣe síbẹ̀, ẹ wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ìwà rẹ̀ fún ẹni náà.

Ajá kò bá wa dá májẹ̀mú. Àwa ni a dá a, ní ọjọ́ tí a gba okùn ọrùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Ẹni méjì ni ó yẹ kí ó mọ májẹ̀mú. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, ọrùn onítọ̀hún ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà.